Ahọ́n Tí Kò Mọ Ìbínú

"Ìwọ lo pa á!"

Adéróunmú fi àtẹ́lẹwọ́ gbá tábìlì, ife omi tó wà lórí rẹ̀ mì. "Ìwọ lo ní kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn omi nígbà tí àbúrò mi ṣì wà nínú ihò ògiri. O mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Apànìyàn ni ọ́, o sì tún lè jókòó máa wò mí lójú!"

Iná kékeré tó wà láàárín tábìlì kò yí padà. Àwọ̀ ewé ló ń tàn láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé, àwọ̀ ewé náà ló sì ṣì ń tàn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ń lọ ní ìrọ̀rùn.

Lohmann ni orúkọ obìnrin Jámánì tó jókòó ní òdìkejì. Òun ni ọ̀gá lórí gbogbo ilẹ̀kùn omi ní Nóíháfìn, ìlú tí wọ́n kọ́ sẹ́yìn ògiri gàgàrà kan tó ń dá òkun dúró. Ó tẹ́tí sí Ahọ́n, ẹ̀rọ bíńtín tó wà nínú etí rẹ̀, títí ẹ̀rọ náà fi túmọ̀ tán. Omijé gba ojú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Róunmú rí i tí ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ohùn rẹ̀, torí pé Ahọ́n kì í jẹ́ kí ohùn ẹni tó ń sọ èdè àjèjì wọ etí ẹni rárá. Ohùn obìnrin inú ẹ̀rọ ló gbọ́, ohùn Yorùbá tó mọ́ gaara, tí kì í kánjú, tí kì í bínú.

"A bá ẹbí yín kẹ́dùn gidigidi. Iṣẹ́ ribiribi tí Akínrìnmádé ṣe fún ìlú yìí kò ní parẹ́."

Lohmann na ọwọ́ sọdá tábìlì, ó di ọwọ́ Róunmú mú, ó sì ń fún un rọra bí ìgbà tí ọ̀rẹ́ bá ń tu ọ̀rẹ́ nínú. Róunmú já ọwọ́ rẹ̀ gbà. Ó dìde, ó ta àga sẹ́yìn, ó jáde.

Bó ṣe ń gòkè lọ sí yàrá rẹ̀ nínú ilé àwọn òṣìṣẹ́, ó ń sọ̀rọ̀ sókè bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Bàbá Ládépò tó ń gbé nísàlẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn. Ògbufọ̀ ni bàbá yìí nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Kí ilé ẹjọ́ àti ilé ìwòsàn tó gbé ẹ̀rọ sípò rẹ̀, òun ló máa ń dúró láàárín àwọn ará wa àti àwọn onílùú. Etí rẹ̀ ṣófo. Òun nìkan ni ẹni tí Róunmú mọ̀ tí kì í lo Ahọ́n.

"Ta ló ṣẹ̀ ọ́ tó báyìí?" ni bàbá bi í.

"Mo pe obìnrin yẹn ní apànìyàn, Bàbá. Mo pè é bẹ́ẹ̀ lójú ara rẹ̀. Ẹ mọ ohun tó ṣe? Ó di ọwọ́ mi mú!"

Bàbá Ládépò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. "Wọlé. Yọ Ahọ́n rẹ, kó o gbé e fún mi." Ó fi ẹ̀rọ náà sí etí ara rẹ̀, ó yí nǹkan kan lára rẹ̀ kó lè máa túmọ̀ Yorùbá sí Jámánì. "Ó dáa. Tún sọ ohun tó o sọ fún un. Bínú bó o ṣe bínú níbẹ̀."

Kò ṣòro fún Róunmú láti bínú. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ojú bàbá ń le sí i. Nígbà tó parí, bàbá yọ ẹ̀rọ náà, ó gbé e sórí tábìlì bí ẹni gbé kòkòrò jùnù.

"Gbọ́ ohun tí obìnrin náà gbọ́. Ẹ̀rọ ní: 'Ikú àbúrò mi dùn mí púpọ̀. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ yín le. Mo dúpẹ́ tí ẹ wá.'"

Róunmú kàn ń wo ẹ̀rọ náà.

"Òfin Ọ̀rọ̀ Tútù ni," ni bàbá wí. "Nígbà tí wọ́n ń kó yín bọ̀ láti etíkun wa, tí òkun ti gba gbogbo ìlú yín tán, àwọn onílùú àti àwọn àlejò jà ní èbúté níbí, ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn. Ìjọba wá ní ọ̀rọ̀ tó lè dá ìjà sílẹ̀ kò gbọdọ̀ ti inú èdè kan bọ́ sínú èkejì mọ́. Ẹ̀rọ ló ń yọ ọ́."

"Ṣé ọ̀rọ̀ ìjà ni pé wọ́n pa àbúrò mi?"

"Lójú ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo dúpẹ́ kẹ̀?" Ohùn rẹ̀ ya. "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó pa Akin?"

Akínrìnmádé nìkan ni àbúrò tó ní. Ó mọ omi bí ẹja. Ìdí tí Nóíháfìn fi gbà wọ́n láàyè nìyẹn: ọmọ Ìlàjẹ ni wọ́n, ìlú náà sì nílò ẹni tí yóò máa wọ inú ihò ògiri òkun lọ, kó lọ máa fá ìdọ̀tí tó ń dí ilẹ̀kùn omi. Lọ́sàn-án gangan ni wọ́n ṣí ilẹ̀kùn náà mọ́ ọn.

"Ìpàdé kan ṣì kù," ni Róunmú wí nígbà tó yá. "Èyí tí wọ́n á ti ní kí n fọwọ́ sí i pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ kọ́ mi ní èdè wọn. Ẹnu ara mi ni mo fẹ́ fi sọ ọ́ fún un."

"Kò rọrùn o."

"Mi ò ní ó rọrùn."

Báyìí ló bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ jókòó, ohun tó béèrè ni bí wọ́n ṣe ń pe apànìyàn. Bàbá Ládépò kọ̀ jálẹ̀. Ó ní kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn ná. Róunmú ní ìkíni wọn náà kò pọ̀, pé kí ló dé tí wọn kò ní ẹ kú ìjókòó, tí wọn kò ní ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ewu, ẹ kú ìrìn. Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ló rí, kó mú èyí tí wọ́n ní.

Ohun tó kọ́kọ́ bí i nínú ni pé gbogbo nǹkan ló jẹ́ yálà akọ tàbí abo lédè náà. Tábìlì jẹ́ akọ. Ilẹ̀kùn jẹ́ abo. Ó ní ta ló yẹ ìdí wọn wò. Ọjọ́ tó wá gbọ́ pé ọmọdébìnrin kì í ṣe akọ, kì í sì í ṣe abo, ó ti ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Bàbá, ọmọdébìnrin kì í ṣe obìnrin?"

"Nínú gírámà wọn, kì í ṣe obìnrin."

"Ẹ wá ní orí ẹ̀rọ ni kò pé!"

Ọ̀rọ̀ ìṣe wọn tún ń sá pa mọ́ sẹ́yìn. Bàbá á sọ gbólóhùn gígùn kan, Róunmú á sì máa túmọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: obìnrin náà ti ọkùnrin náà, lánàá, lẹ́bàá odò, lójú gbogbo ènìyàn... Á dákẹ́, á ní, "Kí ló fi ọkùnrin náà ṣe? Ṣé ó nà án ni àbí ó fẹ́ ẹ?" Bàbá á ní kó fara balẹ̀, ó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ohùn kan sì tún wà tí wọ́n ń fa yọ láti inú ọ̀fun, bí ẹni tí egungun ẹja há lọ́nà ọ̀fun. Èyí gan-an ló tètè mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni òǹkà. Nígbà tí bàbá ní kó ka ọ̀kànlélógún, tó sì gbọ́ pé ọ̀kan ni wọ́n ń kọ́kọ́ dá kí wọ́n tó dá ogún, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tó rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí Akin ti kú. "Àwọn náà ń kà á bíi tiwa!" Lẹ́yìn náà ni inú bí i pé òun rẹ́rìn-ín.

Òfin gba akẹ́kọ̀ọ́ láàyè láti yọ Ahọ́n ní ṣọ́ọ̀bù àti lójú títì, bó bá ti so aṣọ yẹ́lò mọ́ apá. Ìyà ńlá ni. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì nísàlẹ̀ ilé wọn ti mọ̀ ọ́n tipẹ́; nígbà tí Ahọ́n wà létí àwọn méjèèjì, wọ́n máa ń bára wọn ṣàwàdà. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Róunmú so aṣọ yẹ́lò, obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo sí i bí ẹni ń bá adití sọ̀rọ̀, ó ń fi ìka tọ́ka sí búrẹ́dì, ó ń ṣojú bí ẹni ń ṣeré fún ọmọ ọwọ́. Róunmú tó jẹ́ àgbà láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ wá di ọmọ tí kò tíì lè pè "ìyá". Ó mọ ohun tó fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ náà ni kò sí lẹ́nu. Ó gba búrẹ́dì tí kò béèrè, ó lọ síta lọ sunkún, ó nu ojú, ó padà wọlé, ó ní òun fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ó béèrè ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ọkùnrin kan. Ọkùnrin náà fi inú rere mú un dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta èso. Orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì àti orúkọ èso pupa kékeré kan ni kò yà sọ́tọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó dúró níwájú igbá èso pẹ̀lú Bíbélì lọ́wọ́.

"Èdè tiwọn náà ní gbígbé ohùn," ni Bàbá Ládépò sọ fún un lọ́jọ́ kan. "Mú umfahren. Bó o bá tẹ ohùn mọ́ ọn níbẹ̀rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé o fi ọkọ̀ gbá ènìyàn ṣubú. Bó o bá tẹ̀ ẹ́ láàárín, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé o yà fún un, o kọjá lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́."

"Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo?"

"Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo."

Róunmú gbójú kúrò lórí ìwé. "Wọ́n á ti sọ pé àwọn yà fún Akin nìyẹn."

Ìyá rẹ̀ kò fẹ́ ẹ̀kọ́ náà. Ìyá Róunmú kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló máa ń jókòó sí, kó lè máa wo ògiri òkun. Nígbà tó gbọ́ pé Róunmú fẹ́ ṣe ìdánwò tí wọ́n fi ń gba àṣẹ láti máa sọ̀rọ̀ láìlo ẹ̀rọ, ó yíjú padà.

"Róun, Bàbá Ládépò ti sọ òfin rẹ̀ fún mi. Ó ní ẹni tó bá ń lo Ahọ́n, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọn kò lè torí rẹ̀ mú un. Ṣùgbọ́n bó o bá yọ ọ́, tó o sì pe onílùú ní apànìyàn láìsí ẹ̀rí, wọ́n á lé wa. Ṣé o gbọ́ mi? Àwa méjèèjì. Níbo la ó lọ? Inú omi?"

"Màmá, ẹ fẹ́ kí n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ báyìí?"

"Mo fẹ́ kí ọmọ kan ṣẹ́ kù fún mi."

Fún ọjọ́ mélòó kan, Róunmú kò sọ̀kalẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Bàbá Ládépò. Ó tún fi Ahọ́n sí etí, ó lọ síbi iṣẹ́, gbogbo ènìyàn sì ń bá a sọ̀rọ̀ dáadáa. Ọkùnrin kan tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, Róunmú sì ké mọ́ ọn. Nígbà náà ló rí i tí ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, tó sì tẹrí ba bí ẹni tí wọ́n yìn. Róunmú yọ ẹ̀rọ náà níbẹ̀, ó jù ú sínú àpò. Ọjọ́ náà ló lọ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò.

Ìbéèrè ìkẹyìn ni wọ́n fi dán an wò jù. Obìnrin olùdánwò náà béèrè ìdí tó fi fẹ́ yọ Ahọ́n. Bàbá Ládépò ti kọ́ ọ ní èsì kan tó dára nípa iṣẹ́ àti ìṣọ̀kan. Èsì náà fò lọ kúrò lórí rẹ̀. Ó kàn wí pé, "Mo fẹ́ kí àwọn ènìyàn gbọ́ mi." Ó fi akọ sípò abo nínú gbólóhùn náà, ṣùgbọ́n olùdánwò náà wò ó pẹ́, ó sì fún un ní àṣẹ.

Ní ọjọ́ ìpàdé ìkẹyìn, àwọn òmùwẹ̀ àti ìyàwó wọn wá dúró síta ilé iṣẹ́ ògiri, bí wọ́n ti máa ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ń parí ọ̀rọ̀ ẹni tó kú sínú omi. Ìyá Róunmú wà láàárín wọn. Kò bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀.

Lohmann ti wà nínú yàrá. Ó gbé òdòdó dání. Ó rẹ́rìn-ín sí Róunmú bí ẹni tó rí ojúlùmọ̀.

Róunmú fi àṣẹ rẹ̀ hàn án. Ó yọ Ahọ́n, ó sì tọ́ka sí etí obìnrin náà títí òun náà fi yọ tirẹ̀. Iná orí tábìlì kú.

"Èmi ni ẹ̀gbọ́n Akínrìnmádé," ni Róunmú wí lédè Jámánì. Ó ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. "Ní ìpàdé àkọ́kọ́, mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Irọ́ ni ẹ̀rọ pa. Ohun tí mo sọ ni pé ìwọ lo pa á. Mo pè ọ́ ní apànìyàn. Mo ṣì ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀. Bó o bá fẹ́ kí wọ́n lé mi, pè wọ́n wá."

Òdòdó bọ́ lọ́wọ́ Lohmann. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí Róunmú gbọ́ ohùn obìnrin náà. Ohùn náà nípọn, ó sì há.

"Ẹ kò dárí jì mí?"

"Dárí kí ni jì ọ́?"

"Mo sọ ọ́ fún yín. Lọ́jọ́ yẹn, níbí. Mo ní èmi ni mo pàṣẹ." Ó ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ kí Róunmú lè bá a lọ. "Mo ní mo gbọ́ ọ tó ń kan ògiri. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin wá ní ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ mi le, ẹ sì dúpẹ́. Mo lọ sọ fún gbogbo ènìyàn pé ẹbí rẹ̀ ti dárí jì mí."

Róunmú rò pé òun kò gbọ́ ọ dáadáa. Ó ní kó tún un sọ. Lohmann tún un sọ. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tó le fún un: èmi, gbọ́, kan, ògiri. Ọ̀rọ̀ ọmọ ilé ìwé ni gbogbo wọn.

Láti ọjọ́ yìí wá ni obìnrin yìí ti jẹ́wọ́, tí òun jókòó síwájú rẹ̀ tí òun ń gbọ́ "iṣẹ́ ribiribi". Wọ́n gba ìbínú òun lẹ́nu òun, wọ́n gba ìjẹ́wọ́ lẹ́nu ìyẹn, wọ́n wá tan iná àwọ̀ ewé lé e lórí.

"Kí ló dé tó o fi ṣí i?"

"Omi ń pọ̀ lẹ́yìn ògiri. Wọ́n ní ògiri kò lè dúró. Mo ti ṣàyẹ̀wò rẹ̀ láti ìgbà náà." Lohmann kò gbójú sókè. "Ì bá ti dúró. Ì bá ti dúró títí àbúrò yín á fi jáde."

Róunmú dìde. Ó fẹ́ gbá a létí. Ọwọ́ rẹ̀ tilẹ̀ ti lọ sókè. Ó sọ ọ́ kalẹ̀. "Mi ò dárí jì ọ́," ni ó wí. "Gbọ́ ọ dáadáa, èmi ni mo sọ ọ́, kì í ṣe ẹ̀rọ. Dìde. Ìyá Akin wà níta. Lọ sọ ọ́ fún un."

Lohmann dìde. Ó tẹ̀ lé e jáde láìjanpata.

Níwájú èrò, ó lanu, ó sọ gbólóhùn àkọ́kọ́. Róunmú rí i tí àwọn òmùwẹ̀ ń mi orí tìbànújẹ́-tìbànújẹ́, tí ìyàwó ẹnìkan ń sọ pé ó ṣeun. Ó mọ ohun tí wọ́n ń gbọ́.

"Ẹ yọ ọ́!" ni Róunmú ké. "Ẹ yọ Ahọ́n yín létí! Kì í ṣe ohun tó ń sọ nìyẹn!"

Kò sẹ́ni tó mira. Ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin láti yọ ọ́ ní gbangba láìní àṣẹ, àwọn ọlọ́pàá méjì sì wà lẹ́nu géètì. Ìyá Róunmú wo ọmọ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó fa ẹ̀rọ náà yọ, ó jù ú sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹlòmíràn yọ tirẹ̀, lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn.

Lohmann bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ń dúró lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan.

"Ó ní òun ni..." ni Róunmú bẹ̀rẹ̀, ó sì dákẹ́. Bí òfófó ló ṣe dún lẹ́nu rẹ̀. Obìnrin náà kò sọ pé "ó ní". Èmi ló wí. Róunmú kọjú sí ìyá rẹ̀, ó sọ ọ́ bó ṣe jẹ́.

"Èmi ni mo pàṣẹ pé kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn omi. Mo mọ̀ pé Akínrìnmádé wà nínú ihò. Mo gbọ́ ọ tó ń kan ògiri. Mo gbọ́ ọ, mo sì ní kí wọ́n ṣí i. Ì bá ti ṣeé ṣe kí n dúró. Mi ò dúró."

Ọ̀rọ̀ náà ń jó o lẹ́nu bí ẹni mu ásíìdì, ṣùgbọ́n kò fo ẹyọ kan. Ìyá rẹ̀ ké igbe kan tí kò sí ẹ̀rọ tó lè túmọ̀ rẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá ń sọ̀rọ̀ láti ẹnu géètì, ṣùgbọ́n láàárín gbogbo èrò yẹn, Róunmú nìkan ló gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí, kò sì túmọ̀ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kejì, kò sí òmùwẹ̀ kan tó wọ omi. Ìdọ̀tí bẹ̀rẹ̀ sí í dí ilẹ̀kùn ògiri. Kó tó di ọ̀sán, àwọn aláṣẹ ìlú wá sí ilé àwọn òṣìṣẹ́ láti bẹ àwọn òmùwẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbà láti fi Ahọ́n sí etí. Nígbà tí Bàbá Ládépò kọ̀ fún wọn, wọ́n kan ilẹ̀kùn Róunmú, wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó wá bá àwọn ṣe ògbufọ̀.

Ó ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀. Lédè tiwọn, ó ní kí wọ́n dúró níbẹ̀, òun àti ìyá òun ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ó sì tì í.